Ó ya igbó títí ará ìlú fi dáwó ra igbó: Iṣẹ́ Kazuo Oga ní ilẹ̀ Jàpáànì, àti ohun tó fi kàn wá ní Lotto

Láti ọwọ́ akọ̀ròyìn wa, Lotto

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ti ya fọ́tò ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, ẹ ó rántí aṣọ ńlá tí àwọn oní-fọ́tò máa ń ta sára ògiri nínú ṣọ́ọ̀bù wọn. Wọ́n á ti ya òdòdó sí aṣọ náà, tàbí àtẹ̀gùn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tàbí ọkọ̀ òfuurufú, tàbí etí òkun tí igi àgbọn tò sí. Ìyàwó á jókòó síwájú aṣọ yìí, ọkọ á dúró tì í, fọ́tò á sì jáde bí ẹni pé àwọn méjèèjì ti dé ìlú òyìnbó. Irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ ṣì wà lára ògiri ọ̀pọ̀ ilé títí di òní. A mọ orúkọ ọkọ, a mọ orúkọ ìyàwó, a tilẹ̀ lè mọ orúkọ oní-fọ́tò. Ẹni tó ya aṣọ ẹ̀yìn yẹn ńkọ́? Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni tó rántí béèrè.

Ọ̀rọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni a gbé wá fún yín lónìí. Ní ilẹ̀ Jàpáànì, yíya ẹ̀yìn àwòrán jẹ́ iṣẹ́ ńlá. Ó ní ọ̀gá, ó ní ọmọ iṣẹ́, ó sì ní ìtàn tirẹ̀. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Kazuo Oga. Ó ya igbó, oko àti abúlé sínú fíìmù kàtúùnù títí tí àwọn tó wo fíìmù náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í dáwó ra igbó kí wọ́n má baà gé e. Gbogbo ẹni tó ń gbé ní Lotto, Mowe, Ibafo tàbí Ifo, níbi tí oko ti ń di ilé lójoojúmọ́, ní láti fara balẹ̀ gbọ́ ìtàn yìí.

Ta ni ayàwòrán ẹ̀yìn?

Nínú fíìmù kàtúùnù, àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti ya ènìyàn àti ẹranko tó ń rìn, tó ń sáré, tó sì ń sọ̀rọ̀. Àwọn mìíràn wà tí iṣẹ́ tiwọn jẹ́ láti ya ibi tí gbogbo wọn ti ń rìn: ilé, ọ̀nà, igi, odò, òkè àti sánmà. Àwọn ẹni kejì yìí là ń pè ní ayàwòrán ẹ̀yìn.

Kí kọ̀ǹpútà tó gba iṣẹ́ náà, orí ike pẹlẹbẹ tí ojú ń là kọjá bíi gíláàsì ni wọ́n máa ń ya ènìyàn sí. Bébà ni wọ́n ń ya ilẹ̀ àti igi sí. Wọ́n á gbé ike lé orí bébà, wọ́n á fi kámẹ́rà yà á. Wọ́n á mú ike yẹn kúrò, wọ́n á gbé òmíràn tí ẹsẹ̀ ti sún síwájú díẹ̀ lé e, wọ́n á tún yà á. Àwòrán 24 ló ń kọjá lójú wa láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, ìdí nìyẹn tó fi ń jọ pé ènìyàn inú rẹ̀ ń rìn. Àmọ́ bébà ẹ̀yìn kì í kúrò. Ènìyàn á wọlé, ènìyàn á jáde, igi á dúró síbi tó wà. Ojú òǹwòran sì máa ń sinmi lé igi náà. Bí wọ́n bá yà á ní àyàtì, kò sẹ́ni tó máa gbà pé abúlé wà níbẹ̀.

Fíìmù ńlá kan lè gba irú bébà bẹ́ẹ̀ tó ju ẹgbẹ̀rún kan lọ. Ẹnì kan kò lè dá a ṣe. Wọ́n máa ń yan olórí kan tí yóò kọ́kọ́ ya àpẹẹrẹ díẹ̀. Òun ni yóò sọ irú àwọ̀ tí ilẹ̀ yóò ní, ibi tí oòrùn yóò gbà yọ, àti bóyá ìgbà òjò ni tàbí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn yòókù á wá máa ya tiwọn tẹ̀lé àpẹẹrẹ náà, débi pé gbogbo rẹ̀ á dà bí iṣẹ́ ọwọ́ ẹnì kan. Ipò olórí yìí ni Kazuo Oga dé.

Ọmọ agbègbè ìrẹsì

Ọjọ́ 29 oṣù kejì ọdún 1952 ni wọ́n bí Oga ní ẹkùn Akita, lápá àríwá ilẹ̀ Jàpáànì. Àwọn Jàpáànì mọ Akita mọ́ ìrẹsì, bí àwa náà ṣe mọ Ọ̀fàdà tó wà nítòsí Mowe mọ́ ìrẹsì tirẹ̀. Yìnyín máa ń bo ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́lẹ̀ nígbà òtútù. Bí ó bá yọ́ tán, omi á kún oko, gbogbo pápá á sì tutù yọ̀yọ̀. Ilẹ̀ oko ni ojú ọmọ náà kọ́kọ́ mọ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ó wọ ilé iṣẹ́ Shichiro Kobayashi ní Tokyo. Ọdún 1968 ni Kobayashi dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀, yíya ẹ̀yìn àwòrán sì ni iṣẹ́ wọn níbẹ̀. Ọ̀nà tí àwọn ọ̀dọ́ gbà ń kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀ púpọ̀ sí bí ọmọ iṣẹ́ télọ̀ tàbí ti káfíńtà ṣe ń kọ́ṣẹ́ níhìn-ín. Wọ́n á jókòó ti ọ̀gá, wọ́n á máa wo ọwọ́ rẹ̀, wọ́n á yà, ọ̀gá á ní kí wọ́n tún un yà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó di ìlú mọ̀ọ́ká nídìí iṣẹ́ yìí ní Jàpáànì ló gba ọwọ́ Kobayashi kọjá. Ọdún 2022 ni bàbá náà kú, lẹ́ni ọdún 89.

Létí Yorùbá, orúkọ Oga jọ ọ̀gá, kò sì pẹ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ fi bá orúkọ náà mu. Ní 1983, òun ni olórí ayàwòrán ẹ̀yìn fún fíìmù Hadashi no Gen, ìtàn ọmọdékùnrin kan tó yè nígbà tí Amẹ́ríkà ju bọ́ǹbù átọ́míìkì sí ìlú Hiroshima ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ ọdún 1945. Iṣẹ́ tó bà lé e lọ́wọ́ níbẹ̀ le. Ó ní láti ya ìlú tó dúró ṣinṣin, kí ó sì tún ya ìlú kan náà nígbà tó di eérú.

Igi ńlá inú abúlé

Ọdún márùn-ún lẹ́yìn ìyẹn ni iṣẹ́ tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n jáde. Olùdarí fíìmù kan tó ń jẹ́ Hayao Miyazaki fẹ́ ṣe ìtàn àwọn ọmọbìnrin méjì tí bàbá wọn kó lọ sí abúlé nítorí pé ìyá wọn wà ní ilé ìwòsàn. Àwọn ọmọ náà bá iwin kan pàdé nínú igbó, orúkọ iwin náà ni Totoro. Miyazaki fi Oga ṣe olórí ayàwòrán ẹ̀yìn. Ọjọ́ 16 oṣù kẹrin ọdún 1988 ni fíìmù náà, Tonari no Totoro, jáde.

Inú igi ńlá kan ni Totoro ń gbé. Wọ́n so okùn mọ́ ìdí igi náà láti fi hàn pé ẹni ọ̀wọ̀ ni, bàbá àwọn ọmọ náà sì kó wọn lọ síbẹ̀ láti tẹrí ba, kí wọ́n sì dúpẹ́. Ẹni tó bá mọ bí àwọn bàbá wa ṣe ń ṣe sí ìrókò, tí wọ́n ń fi aṣọ funfun wé ìdí rẹ̀, kò ní nílò ògbifọ̀ láti mọ ohun tí igi yìí jẹ́ fún ará abúlé náà.

Ọ̀dà tí wọ́n ń fi omi pò, irú èyí tí ọmọ ilé ìwé náà lè rà, ni Oga fi ya gbogbo rẹ̀. Yóò kọ́kọ́ fi omi rin bébà. Nígbà tí bébà bá ṣì tutù, yóò fi búrọ́ṣì tó fẹ̀ da àwọ̀ sánmà àti ti igbó lé e, kí wọ́n lè wọ inú ara wọn. Lẹ́yìn náà ni yóò mú búrọ́ṣì kékeré, yóò wá máa fi ewé kọ̀ọ̀kan lé e. Ohun tí àwọn ènìyàn kò tètè gbàgbé nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni koríko ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ayàwòrán mìíràn á kan fi àwọ̀ ewé ra ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, á sì bá tirẹ̀ lọ. Ní ti Oga, koríko tó máa ń hù ní àkókò yẹn nínú ọdún, nírú ilẹ̀ yẹn, ni yóò yà. Àgbẹ̀ tó bá wò ó á mọ oṣù tí wọ́n wà.

Ohun mìíràn tún ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ 16 oṣù kẹrin yẹn. Fíìmù méjì ni wọ́n jọ gbé jáde pa pọ̀ ní sinimá. Èkejì ni Hotaru no Haka, ìtàn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tí ogun sọ di ọmọ òrukàn ní ìlú Kobe. Nizo Yamamoto, tí wọ́n bí ní erékùṣù Goto ní 1953, ni olórí ayàwòrán ẹ̀yìn fún ìyẹn. Lọ́jọ́ kan náà, òǹwòran kan náà rí abúlé tutù tí Oga yà, ó sì rí ìlú tó ń jóná tí Yamamoto yà. Ọdún 2023 ni Yamamoto kú, lẹ́ni 70 ọdún.

Bí àwòrán ṣe di ilẹ̀

Abúlé inú fíìmù Totoro kò sí lórí máàpù. Àmọ́ agbègbè kan wà tí Miyazaki wò kó tó ro ó: òkè Sayama, láàárín Tokyo àti ẹkùn Saitama. Nígbà tí fíìmù náà jáde, ilẹ̀ yìí wà nínú ewu. Tokyo ti kún àkúnya, àwọn tó ń kọ́lé tà ti ń wá ilẹ̀ lọ síbẹ̀, wọ́n ń gé igi, wọ́n sì ń fi katapílà tẹ́ òkè.

Àwọn ará agbègbè náà ti ń bá ọ̀rọ̀ yìí jà tipẹ́, kò sì yẹ ká sọ pé fíìmù ló kọ́ wọn. Ohun tí fíìmù ṣe ni pé ó sọ igbó tí ẹnikẹ́ni kò kà sí di igbó tí gbogbo orílẹ̀-èdè mọ̀. Ní 1990, wọ́n dá àpò owó kan sílẹ̀ láti máa fi ra ilẹ̀ igbó náà. Wọ́n gba àṣẹ lọ́wọ́ Miyazaki láti fi orúkọ Totoro pè é, ó sì gbà. Àwọn ènìyàn láti ibi gbogbo fi owó ránṣẹ́. Ní 1991, wọ́n ra abala ilẹ̀ àkọ́kọ́. Kò tóbi, àmọ́ ó ti di tiwọn, kò sẹ́ni tó lè gé e mọ́. Láti ìgbà náà wá, abala tí wọ́n ti rà ti ju àádọ́ta lọ. Àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ló ń tún ibẹ̀ ṣe, tí wọ́n ń ro ó, tí wọ́n sì ń mú àwọn ọmọ wọn lọ wò ó.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ dáadáa. Igbó yẹn ti wà níbẹ̀ tipẹ́tipẹ́ kí Oga tó yà á. Àwọn ènìyàn ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ síbi iṣẹ́. Àfi ìgbà tí wọ́n rí i nínú àwòrán ni wọ́n tó mọ̀ pé ó lẹ́wà, ìgbà tí wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n tó mọ̀ pé ó lè sọ nù.

Oko, ẹ́sítéètì àti igbó

Láti ibẹ̀, iṣẹ́ tí Oga ń ṣe kò kúrò lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ní 1991, ó darí àwòrán ẹ̀yìn fún Omoide Poroporo, tí Isao Takahata ṣe olùdarí rẹ̀. Obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Tokyo lo ìsinmi rẹ̀ lóko ní ẹkùn Yamagata, ó ń bá wọn ká òdòdó tí wọ́n ń fi ṣe àwọ̀ pupa. Ọ̀dọ́mọkùnrin àgbẹ̀ kan ṣàlàyé fún un níbẹ̀ pé ilẹ̀ tí àwọn ará ìlú ńlá ń wò, tí wọ́n ń pè ní àdánidá, iṣẹ́ ọwọ́ àgbẹ̀ ló pọ̀ nínú rẹ̀: ẹni tó ro ó, ẹni tó gbẹ́ odò sí i, ẹni tó gbin igi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin àgbẹ̀ tó ń ka ìwé ìròyìn yìí kò ní bá a jiyàn.

Ní 1994, òun àti Takahata tún ṣe Heisei Tanuki Gassen Ponpoko. Ẹranko kékeré kan tó fara jọ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, tí wọ́n ń pè ní tanuki, ni ìtàn náà dá lé. Láti àwọn ọdún 1960 ni wọ́n ti ń tẹ́ òkè Tama lẹ́yìn Tokyo láti kọ́ ìlú tuntun síbẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ sì ni. Nínú fíìmù, àwọn tanuki bá àwọn akọ́lé jà títí, wọn kò lè borí. Nígbà tí wọ́n rí i pé ó ti parí, wọ́n kó gbogbo idán tó kù lára wọn jọ, wọ́n sì fi mú ilẹ̀ àtijọ́ padà wá fún ìgbà díẹ̀. Ilé gogoro pòórá, oko àti ọ̀nà ẹsẹ̀ padà yọ, àwọn tó ń gbé inú ilé náà sì sáré jáde láti wò ó. Lẹ́yìn náà, ilé padà sí ipò rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí iṣẹ́ ayàwòrán ẹ̀yìn jẹ́, ibẹ̀ yẹn ni kí ẹ wò. Ohun tí àwọn tanuki fi idán ṣe ni Oga fi ọ̀dà ṣe.

Ní 1997, fíìmù Mononoke Hime tóbi débi pé olórí ayàwòrán ẹ̀yìn márùn-ún ni wọ́n yàn fún un, Oga àti Yamamoto sì wà nínú wọn. Oga lọ sí òkè Shirakami, tó wà láàárín Akita tirẹ̀ àti ẹkùn Aomori, láti fi ojú rí igbó tí yóò yà. Àjọ UNESCO ti kọ igbó náà sínú ìwé ogún àgbáyé ní 1993.

Ọdún 2007 ni ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà ìgbàlódé ní Tokyo kó àwọn bébà rẹ̀ jọ fún àfihàn. Èrò rọ́ lọ síbẹ̀. Orúkọ tí wọ́n fi pe Oga nínú àkọlé àfihàn náà ni eshokunin, ìyẹn oníṣẹ́ ọwọ́ tó ń ya àwòrán. Orúkọ tí wọ́n fi ń pe àgbẹ́gilére àti alágbẹ̀dẹ ni wọ́n fún un.

Nígbà tó pé ẹni ọdún 61, ní 2013, ó tún ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò retí. Fún fíìmù Kaguya-hime no Monogatari, ó fi ọ̀nà tó fi lókìkí sílẹ̀. Kò kún bébà mọ́. Ó fi omi àti ọ̀dà díẹ̀ ya ìdajì igi, ó sì fi ìyókù bébà sílẹ̀ ní funfun, kí ojú òǹwòran máa parí rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Adúláwọ̀ tó wá ọ̀gá lọ

Ẹnì kan lè sọ pé ti àwọn Jàpáànì nìyẹn, kò kan adúláwọ̀. Ẹ gbọ́ ti Arthell Isom. Adúláwọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà ni. Ó wo fíìmù Ghost in the Shell tó jáde ní 1995, ìlú tí wọ́n yà sí ẹ̀yìn rẹ̀ kò sì kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ó wádìí ẹni tó yà á, ó rí i pé Hiromasa Ogura ni. Ó di ẹrù rẹ̀, ó lọ sí Jàpáànì, ó kọ́ èdè wọn, ó kọ́ iṣẹ́ ọnà, títí tó fi dé ilé iṣẹ́ Ogura gan-an, tó sì di ayàwòrán ẹ̀yìn níbẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà dùn sí nìyí: lọ́dọ̀ Kobayashi ni Ogura náà ti kọ́ṣẹ́, bíi ti Oga. Bí a bá ní ká fi ojú ilé wa wò ó, Kobayashi ni bàbá àgbà, Ogura àti Oga ni ọmọ, Isom sì ni ọmọ-ọmọ. Ní 2016, Isom àti ìbejì rẹ̀, Darnell, pẹ̀lú Henry Thurlow, dá ilé iṣẹ́ D'Art Shtajio sílẹ̀ ní Tokyo. Òun ni ilé iṣẹ́ kàtúùnù àkọ́kọ́ tí adúláwọ̀ dá sílẹ̀ ní Jàpáànì. Ní 2020, àwọn ni wọ́n ṣe fídíò orin Snowchild fún olórin The Weeknd.

Owó ibẹ̀, àti ẹ̀rọ tó ń bọ̀

A kò fẹ́ tan ọmọ ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ yìí kì í tètè sọ ènìyàn di olówó. Nínú ilé iṣẹ́ kàtúùnù ní Jàpáànì, owó tí wọ́n ń san fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kéré, ọ̀pọ̀ ló sì jẹ́ pé iye àwòrán tó bá yà ni wọ́n ń sanwó rẹ̀ fún un. Ọjọ́ tí wọ́n dá fún iṣẹ́ kì í yẹ̀, kódà bí ilẹ̀ bá mọ́ bá ènìyàn nídìí rẹ̀.

Ẹ̀rọ náà ti dé. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, Netflix ní Jàpáànì gbé fíìmù kékeré kan jáde tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà olóye ya ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n ní àwọn òṣìṣẹ́ ló ṣọ̀wọ́n. Nígbà tí orúkọ àwọn tó ṣiṣẹ́ ń kọjá lópin fíìmù, ohun tí wọ́n kọ síwájú ayàwòrán ẹ̀yìn ni orúkọ ẹ̀rọ, tí wọ́n wá fi ọ̀rọ̀ kan tó túmọ̀ sí "ènìyàn" ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Wọn kò dárúkọ ènìyàn náà. Inú bí ọ̀pọ̀ ayàwòrán káàkiri ayé. Ẹni tó ya aṣọ oní-fọ́tò níjọ́sí kò lórúkọ, àmọ́ kò sẹ́ni tó fi ẹ̀rọ ṣíwájú rẹ̀.

Ewu kan tún wà nínú ẹ̀rọ yìí fún àwa ará ibí. Inú àwòrán tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni ẹ̀rọ ti ń kọ́ bí nǹkan ṣe rí. Ibi tí ẹnikẹ́ni kò bá yà rí, ẹ̀rọ kò lè mọ̀ ọ́n. Yóò kàn fi ibòmíràn dípò rẹ̀ ni.

Ta ni yóò ya Lotto?

Nílé, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 28 oṣù kejì ọdún 2024 ni ilé iṣẹ́ Disney gbé Iwájú jáde, ìtàn alápá mẹ́fà nípa Èkó ọjọ́ iwájú. Fikayo Adeola ló darí rẹ̀, òun àti Tolu Olowofoyeku, ọmọ Nàìjíríà bíi tirẹ̀, pẹ̀lú Hamid Ibrahim ọmọ Uganda ló sì dá ilé iṣẹ́ Kugali tó bá Disney ṣe é sílẹ̀. Ibrahim ló ṣètò bí Èkó inú rẹ̀ ṣe rí. Nínú oṣù kẹrin ọdún 2025, Ìyanu bẹ̀rẹ̀ lórí Cartoon Network. Roye Okupe ló kọ ìtàn náà, nípa ọmọ òrukàn obìnrin kan nílẹ̀ Yorùbá ayé àtijọ́. Godwin Akpan ló ya ìwé tó ṣáájú rẹ̀, èyí tó jáde ní 2021.

Èkó ọ̀la ti ní àwòrán, ilẹ̀ Yorùbá àtijọ́ náà ti ní tirẹ̀. Ilẹ̀ tí a wà lórí rẹ̀ lónìí ńkọ́? Láti 1978 tí òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ti là kọjá níbí ni ẹ̀gbẹ́ títì ti ń yí padà. Àwọn ìjọ ńlá wá, wọ́n ra ilẹ̀. Èkó kún, àwọn ènìyàn rọ́ wá sí Ibafo, Mowe àti Lotto láti wá ilé. Ibi tí wọ́n ti ń gbin ẹ̀gẹ́ àti ìrẹsì ti di ibi tí wọ́n ti ń ṣe búlọ́ọ̀kù. Pátákó "ilẹ̀ wà fún títà" fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ ju igi ọ̀pẹ lọ. A kò bá ẹni tó kọ́lé jà, ẹni tó ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀ láti fi rán ọmọ nílé ìwé náà mọ ìdí tó fi tà á. Àmọ́ nígbà tí ilẹ̀ náà bá tán, kí ni ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ yóò fi mọ̀ pé ilẹ̀ kan wà níbẹ̀ rí?

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé iṣẹ́ ọnà kò lè dáàbò bo igbó nílẹ̀ Yorùbá, kó lọ sí Òṣogbo. Susanne Wenger, tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, àti àwọn oníṣẹ́ ọnà bí Adebisi Akanji àti Kasali Akangbe ni wọ́n fi ère àti ògiri ọlọ́nà yí igbó Ọ̀ṣun ká nígbà tí àwọn kan ti ń gé e. Ní 2005, UNESCO kọ igbó náà, tó jẹ́ hẹ́kítà 75, sínú ìwé ogún àgbáyé. Bàbá Kobayashi kò mọ Àdùnní, Àdùnní kò mọ Oga, ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn gbà.

Ohun tí Oga fi bẹ̀rẹ̀ kò wọ́n. Bébà, ọ̀dà olómi, búrọ́ṣì, àti ojú tó mọ koríko. Àwọn ọmọ wa tó mọwọ́ kọ̀ǹpútà pọ̀, ilé ẹ̀kọ́ gíga tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ ọnà sì wà, ní Yaba àti ní Ilé-Ifẹ̀. Ohun tí wọn kò ní ni ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ̀yin àgbà. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹ̀yin lẹ mọ orúkọ igi tó wà níbi tí wọ́n ti ń ṣe búlọ́ọ̀kù báyìí. Ẹ̀yin lẹ mọ ibi tí odò gbà kí wọ́n tó fi yanrìn dí i, àti irú koríko tó máa ń hù lẹ́bàá ọ̀nà oko nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀. Bí ọmọ kan bá wà nínú ilé yín tó ń fi pẹ́ńsù ya nǹkan sẹ́yìn ìwé rẹ̀, ẹ má lé e. Ẹ pè é jókòó, ẹ sọ bí ilẹ̀ náà ṣe rí fún un, kó máa yà á bí ẹ ti ń sọ ọ́. Bí ó bá sì parí rẹ̀, ẹ ní kó kọ orúkọ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀.